Ìràwọ̀ méjì ààbọ̀ ni mo fún tíkẹ́ẹ̀tì sáà yìí, àwọn síníọ̀ ló jẹ ìyókù

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: ìràwọ̀ méjì ààbọ̀ nínú márùn-ún. Ìjókòó ò burú, bàbá tó jókòó tì mí dáa ju ìjókòó lọ, àmọ́ ọjà tí wọ́n polówó fún wa gan-an, ìyẹn àwọn síníọ̀ tí wọ́n ní wọ́n ń padà bọ̀, ọjà yẹn ò pé. Tíkẹ́ẹ̀tì sáà bọ́ọ̀lù yunifásítì ni mò ń sọ o, ní Amẹ́ríkà níbí, bọ́ọ̀lù alákoto tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá yẹn, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Mi ò ní dárúkọ yunifásítì náà torí àdúgbò wọn ni mò ń gbé, aládùúgbò tọ̀tún tòsì ló fi àsíá wọn kọ́ ẹnu ọ̀nà, mi ò wá ìjà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Oṣù kejì ọdún ni ímeèlì kan wọlé, wọ́n ní 17 nínú àwọn 22 tó ń bẹ̀rẹ̀ géèmù (11 tó ń kọlu, 11 tó ń dènà) ló ń padà bọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ síníọ̀, àwọn tó ń lo ọdún ìkẹyìn wọn. Ìrírí, ìrírí, ìrírí, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ímeèlì kan ṣoṣo. Èmi náà rántí pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà kò lè lákìísà tó àgbà, mo ní ah, àkísà àwọn yìí á ti pọ̀ nílé, mo bá sanwó. Èyí tó wá tì mí lẹ́yìn jù ni pé ọmọ wa kan wà nínú wọn, orúkọ Yorùbá gbọọrọ ló wà lẹ́yìn jẹ́sì ẹ̀, láti èjìká dé èjìká. Ìpẹ̀kun ìlà ló máa ń dúró sí, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó sáré wọlé lọ gbá kọ́tàbáàkì mú kó tó ju bọ́ọ̀lù. Lọ́dún tó ṣáájú, iná ni ọmọ yẹn.

Ẹni tó bá ń gbèrò àtirà kó kọ́kọ́ mọ̀ pé owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ lèèyàn ń san. Kí wọ́n tó jẹ́ kó o jókòó níbi tó dáa, wàá kọ́kọ́ ta ẹ̀ka eré ìdárayá wọn lọ́rẹ. Ọrẹ tí wọ́n ń fi dandan gbà, èmi ò rí irú ẹ̀ rí. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ ìjọba máa ń jẹ́ kéèyàn yọ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ọrẹ yẹn kúrò nínú ìṣirò owó orí, àmọ́ òfin owó orí tí wọ́n ṣe ní 2017 ti pa ìyẹn rẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn tàn yín.

Pápá yẹn fúnra ẹ̀ ò ní wàhálà. Báàgì tó mọ́ gaara bíi gíláàsì nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé, ìyàwó mi bá wọn jiyàn lẹ́ẹ̀kan, ó padà lọ fi báàgì ẹ̀ sí mọ́tò. Ìjókòó jẹ́ páànù gbọọrọ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, nọ́ńbà méjì ò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn, ìdí tèmi sì jẹ́ ìdí àgbàlagbà. Ìlà ilé ìtura gùn. Ó tán níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bàbá yẹn wàyí. Òyìnbó arúgbó kan ni, ó ti ṣe kóòṣì ilé ìwé girama títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ti ń jókòó sórí páànù yẹn kí wọ́n tó bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó wà lórí pápá. Géèmù àkọ́kọ́ tá a lọ, ó mú pẹ́ńsù kékeré kan jáde àti bébà tó ká sí mẹ́rin, ó ń fa ìlà sórí ẹ̀, fìn, fìn, bí ẹni tó ń ka àpò sìmẹ́ǹtì. Mo rò pé ojú àmì ló ń kọ. Mo ní, “Bàbá, kí lẹ̀ ń kà?” Ó ní ìrìn gbẹ̀fẹ́ lòun ń kà. Ó ní tí àwọn kóòṣì bá ń wo fídíò géèmù lọ́jọ́ kejì, gbogbo ibi tí pléyà kan bá ti dẹwọ́ nígbà tí eré ò tíì parí ni wọ́n ń fàmì sí, wọ́n á wá kà á sí i létí níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Òun ti fẹ̀yìn tì o, àmọ́ ojú òun ò tíì fẹ̀yìn tì. Ó wá sọ ohun tó ba bọ́ọ̀lù yẹn jẹ́ fún mi títí láé: ó ní kí n má wo bọ́ọ̀lù mọ́, kí n máa wo ẹni tí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀.

Mo bá ń wo ọmọ wa.

Ó hàn kedere ṣá. Tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù gba ọ̀dọ̀ ẹ̀, á ṣe é bó ṣe yẹ, kò sẹ́ni tó máa bú u. Àmọ́ tí wọ́n bá ti gbé e gba apá kejì, ìṣísẹ̀ méjì péré, á nàró, á fọwọ́ lé ìbàdí, á wá máa wò wọ́n bí onílé tó wá wo àwọn bíríkìlà lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ìdá kejì nínú mẹ́rin géèmù yẹn, ọmọdékùnrin tó gbé bọ́ọ̀lù rí i pé ọ̀tún ti dí, ó yí bìrí, ó padà gba òsì, ibi tí ọmọ wa ì bá ti wà ló gbà kọjá, ó fi ibẹ̀ sá yáàdì bí ogún ó lé. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Ó fa ìlà kan. Kí wọ́n tó lọ sinmi, ìlà méje ló wà níwájú nọ́ńbà ọmọ wa, síníọ̀ kejì tó wà láàárín ní márùn-ún, ọmọ tuntun kan tí wọ́n ń fi sínú eré tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kúrò nílé ò ní ẹyọ kan.

A borí lọ́jọ́ yẹn, ẹgbẹ́ kékeré kan tó yẹ ká na bí ẹní na bàrà la fi díẹ̀ borí, gbogbo èèyàn sì ń jó lọ sílé. Ìṣẹ́gun mọ ẹ̀gbin bò o.

Kẹ́ ẹ má wá rò pé mò ń pe àwọn ọmọ yìí ní ọ̀lẹ lásán. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí láti ẹ̀yìn dé ẹ̀gbẹ́, torí owó mi ló wà níbẹ̀. Òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ni pé sáà mẹ́rin ni wọ́n lè fi gbá bọ́ọ̀lù láàárín ọdún márùn-ún, láti 2018 sì ni wọ́n ti gbà pé ẹni tí ò gbá ju géèmù mẹ́rin lọ, sáà yẹn ò ní kà á lọ́rùn. Kòrónà wá dé, wọ́n ní 2020 ò ní ka ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Bí àwọn kan ṣe di stáláìtì nìyẹn, ọdún mẹ́fà lórí kọ́ọ̀sì kan, wọ́n mọ ilé oúnjẹ, wọ́n mọ orúkọ ẹni tó ń fọ jẹ́sì, wọ́n mọ èyí tí kóòṣì máa pariwo lé lórí àti èyí tó máa fojú fò. Ara wọn balẹ̀. Ara tó bá sì ti balẹ̀ jù, ẹsẹ̀ kì í yá.

Ẹ̀rù orúnkún wà níbẹ̀ náà, mi ò ní purọ́. Jaylon Smith ti Notre Dame ṣẹ́ orúnkún ẹ̀ nínú Fiesta Bowl ní ọjọ́ kìíní ọdún 2016, géèmù tí ò lè mú wọn gba ife kankan tó kọjá ife ọjọ́ yẹn, ẹni tí gbogbo ayé ti ń sọ pé á wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ mú nínú NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun, wá di ẹni kẹrìnlélọ́gbọ̀n. Lóṣù kejìlá ọdún yẹn gan-an, Leonard Fournette ti LSU àti Christian McCaffrey ti Stanford sọ pé àwọn ò gbá géèmù ìparí sáà tiwọn. Wọ́n bú wọn. Wọ́n mú Fournette ṣe ìkẹrin, wọ́n mú McCaffrey ṣe ìkẹjọ. Ẹni tó rí ìyẹn tó sì ń rìn gbẹ̀fẹ́, ọpọlọ ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ o.

Owó ńkọ́? Láti oṣù keje 2021 ni wọ́n ti lè fi orúkọ àti àwòrán ara wọn pawó, láti oṣù keje 2025 ni àwọn yunifásítì fúnra wọn sì ti lè san owó fún wọn, nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 20.5 ni iye tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ò gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dún àkọ́kọ́. Àwọn ará àdúgbò mi, owó ni wọ́n ń di ẹ̀bi rù. Èmi ò gbà. Ìrìn gbẹ̀fẹ́ ti wà kí owó tó dé. Ní 2007, Chad Henne, Mike Hart àti Jake Long padà wá sí Michigan láti ṣe ọdún ìkẹyìn wọn, wọ́n ní ohun tó kù láti ṣe ṣì pọ̀, wọ́n tò wọ́n sí ipò karùn-ún ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, Appalachian State, ẹgbẹ́ tí ò sí ní ìsọ̀rí tiwọn rárá, wá bá wọn nílé níwájú èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ó na wọ́n 34 sí 32. Ọ̀sẹ̀ kejì, Oregon na wọ́n 39 sí 7. Michigan kan náà ló sì na Florida 41 sí 35 nígbà tí sáà parí, Jake Long sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú nínú NFL lọ́dún 2008. Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n gbá.

USC 2012 tún burú jùyẹn. Matt Barkley padà wá fún ọdún ìkẹyìn, ilé iṣẹ́ ìròyìn AP fi wọ́n sípò kìíní kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n parí ẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́gun 7 àti ìpàdánù 6. Èjìká ẹ̀ bà jẹ́ nínú géèmù UCLA, ìpele kẹrin ni NFL tó mú un lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nick Saban, nígbà tó jẹ́ kóòṣì Alabama, máa ń bínú sí àwọn oníròyìn tó ń yin àwọn ọmọ ẹ̀, májèlé eku ló pe ìyìn yẹn ní 2017, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ímeèlì tí wọ́n fi tajà fún mi, ṣé májèlé eku kọ́ nìyẹn, ìgbà mẹ́rin nínú abala kan.

Àmọ́ àwọn kan padà wá tí ilẹ̀ mì. Blake Corum fi orúnkún pa ní Michigan lọ́dún 2022, ó lè máa lọ sí NFL, ó padà, ó gbé bọ́ọ̀lù wọlé nígbà 27 ní 2023, wọn ò pàdánù géèmù kankan nínú 15, wọ́n sì na Washington 34 sí 13 gba ife. Ohio State 2024 náà, Jack Sawyer, JT Tuimoloau, Emeka Egbuka, TreVeyon Henderson, gbogbo wọn ló kọ NFL sílẹ̀ fún ọdún kan. Ní òpin oṣù kọkànlá, Michigan wá nà wọ́n nílé 13 sí 10, ilé gbóná, wọ́n hó lé wọn lórí. Ká ní níbẹ̀ ni sáà parí, àwọn yẹn náà ì bá wà nínú àpẹẹrẹ burúkú tí mò ń kà yìí. Wọ́n na Tennessee 42 sí 17, wọ́n na Oregon tó ti nà wọ́n tẹ́lẹ̀ 41 sí 21, wọ́n na Texas 28 sí 14, Sawyer gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ kọ́tàbáàkì ó sì fi sá yáàdì 83 lọ sílé, wọ́n wá na Notre Dame 34 sí 23 gba ife. Kí ló yí padà? Ìrírí wọn ò pọ̀ sí i láàárín oṣù méjì. Ẹni tó jẹ gbèsè ló mọ bí wọ́n ṣe ń jí lóru, àwọn yẹn mọ̀ pé Michigan ò jẹ́ káwọn lójú láwùjọ látìgbà táwọn ti dé ibẹ̀. Àwọn síníọ̀ tèmi yìí ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, àti pé, èyí tó dùn mí jù, ẹnikẹ́ni ò sì lè gba ipò lọ́wọ́ wọn.

Géèmù oṣù kẹwàá ni mo ti rí ìyẹn. Òjò ń rọ̀, a wọ rọ́bà, bàbá fi láílọ́ọ̀nù bo bébà ẹ̀. Akoto ọmọ wa yọ lórí nínú ìkọlù kan, òfin sì ni pé tí akoto bá ti yọ báyìí, wàá jáde fún eré kan. Jambáìtì kan wọlé, ọmọ ọdún kìíní tí jẹ́sì ẹ̀ ṣì funfun báláú nígbà tí ti gbogbo èèyàn ti di ẹrẹ̀. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù gba apá kejì, ibi tó jìnnà sí i jù. Ọmọ yẹn sá tẹ̀ lé wọn! Ó gba gbogbo ìbú pápá kọjá bí ẹni tí wọ́n jí bàbá ẹ̀ gbé, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń yọ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó gbá ọmọ tó gbé bọ́ọ̀lù mú láti ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ ìlà, yáàdì méjì péré ni wọ́n jẹ. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ tiwa dìde. Ìyàwó mi tí ò mọ òfin bọ́ọ̀lù yẹn kankan pariwo. Eré tó tẹ̀ lé e, kóòṣì fọwọ́ pe ọmọ náà jáde, ọmọ wa wọlé padà, ó rọra ń rìn bọ̀, ó ń so akoto. Bàbá fi pẹ́ńsù sínú àpò. Ó ní òun ò kà á mọ́ lónìí, ó ní tí òun bá ń kà á, kóòṣì ló yẹ kóun máa fa ìlà sí. Wọ́n fi àmì mẹ́ta nà wá.

Mo ti kọ́kọ́ fẹ́ fún wọn ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ àwọn síníọ̀ ló sọ ọ́ di méjì ààbọ̀.

Géèmù tó kẹ́yìn nílé nìyẹn, wọ́n á pe àwọn síníọ̀ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn òbí á jáde sórí pápá pẹ̀lú òdòdó. A pàdé ìyá ọmọ wa níbi tí a páàkì sí, ó wọ jẹ́sì ọmọ ẹ̀, ó wé gèlè sí i lórí, gèlè aláwọ̀ ẹgbẹ́ wọn o, ó dúró gedegbe láàárín àwọn òyìnbó. A kúnlẹ̀ a dọ̀bálẹ̀ kí i, inú mọ́mì dùn pé òun rí ará ilé. Mo ní, “Ẹ kú oríire o, mà, ẹ kú ìnáwó ọmọ.” Ó ní, “Ẹ ṣé o, bọ̀dá mi, tiyín náà á dé. Ẹ ṣáà bá mi gbàdúrà kí orúnkún ọmọ yìí gbé e dé òpin, ojú fóònù ni mo ń sùn mọ́jú látìgbà tí wọ́n ti là á.” Ìyàwó mi wò mí. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti là á rí. Ojú tì mí díẹ̀, torí gbogbo ohun tí mo ti ń sọ sí ọmọ yẹn látoṣù kẹsàn-án, ìyàwó mi ló mọ̀ ọ́n.

Géèmù bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ọmọ yẹn sáré! Ọ̀tún, òsì, ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ibi tí kò sí, ó gbá kọ́tàbáàkì wọn mú lẹ́ẹ̀mejì, nígbà kan tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sọ́nà jíjìn, yáàdì ogójì sí ibi tó wà, mo rí i tó ń sá bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni pé òun nìkan ló kù lórí pápá. Gèlè ń mì nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tó parí, mo yọjú wo bébà bàbá, ìlà kan péré. Ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n díẹ̀, otútù ni àbí nǹkan míì, mi ò mọ̀. Ó ní, “O rí i? Ó wà lára ẹ̀ látọjọ́ yìí.” Inú mi dùn, inú sì bí mi pa pọ̀, torí ká ní orúnkún nìkan ni, ṣé orúnkún yẹn wá mọ ọjọ́ tí ìyá ẹ̀ ń bọ̀ ni?

Ìyókù ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yìí: áàpù wọn máa ń dákú lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì yín kò wúlò torí kóòdù ẹ̀ ń yí padà, kí ẹ gbé e sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì fóònù láti ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ní sùúrù. Ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn máa ń gba oòrùn sójú ní ọ̀sán oṣù kẹsàn-án, ẹ má ra ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un tà, owó tí wọ́n ń yọ níbẹ̀ ń dunni.

Oṣù kejì tún pé, omidan kan pè mí láti ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì. Ohùn ẹ̀ dùn, ó ní sáà tó ń bọ̀ yìí ni sáà, 19 ló ń padà bọ̀, ìrírí tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju ti èṣí lọ. Mo ní ó dáa, jọ̀ọ́, àwọn wo ló wà lẹ́yìn àwọn 19 yẹn? Ó dákẹ́. Mo ní ọmọ kan wà tí jẹ́sì ẹ̀ funfun nínú òjò, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀? Ó ní òun máa bá mi wádìí ẹ̀, òun á pè mí padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé.